Àtúnkọ́ Gásà: Ta Ló Di Kọ́kọ́rọ́ Ẹnubodè Mú?

Nígbà tí ogun ńlá bá dáwọ́ dúró ní Gásà, ìpàdé ńlá kan sábà máa ń tẹ̀lé e. Ilẹ̀ Íjíbítì ni wọ́n sábà máa ń pè é sí. Àwọn mínísítà láti ilẹ̀ Lárúbáwá, láti Yúróòpù àti láti Amẹ́ríkà á jókòó, oníkálùkù á dìde, á dárúkọ iye tí ìjọba rẹ̀ yóò san. Nígbà tí ilẹ̀ bá fi ṣú, wọ́n á ti ṣírò gbogbo rẹ̀ pọ̀, iye náà á sì pọ̀ débi pé òun ni gbogbo ilé ìròyìn á máa pariwo. Ó rí bẹ́ẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2009. Ó rí bẹ́ẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2014. Lẹ́yìn tí wọ́n dáwọ́ ogun dúró ní ọjọ́ kẹwàá, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025, Íjíbítì tún ti kéde pé òun fẹ́ gba àlejò irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ní Cairo.

Àwọn àgbà ní ẹnu dùn-ún ròfọ́. Bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn lẹ́yìn ìrun Jímọ̀: wọ́n ṣèlérí, wọn ò san. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tẹ̀lé ìtàn àtúnkọ́ Gásà láti ọdún 2009 yóò rí i pé owó tó wọlé pàápàá kò rí ilé kọ́, nítorí pé owó kì í di ògiri fúnra rẹ̀. Sìmẹ́ǹtì ló ń di ògiri. Sìmẹ́ǹtì ní láti gba ẹnubodè wọlé, àwọn tó ń dárúkọ owó ní ìpàdé kọ́ ló sì di kọ́kọ́rọ́ ẹnubodè mú.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí ìparun náà ṣe tó. Gásà kò tóbi. Ilẹ̀ rẹ̀ kò ju kìlómítà 365 níbùú lóròó lọ, àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ sì lé ní mílíọ̀nù 2. Ogun tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìkọlù ọjọ́ keje, oṣù Kẹwàá, ọdún 2023, nínú èyí tí nǹkan bí 1,200 ènìyàn kú ní Ísírẹ́lì tí wọ́n sì kó 251 nígbèkùn, ti pa ju 70,000 ènìyàn lọ ní Gásà nígbà tí oṣù Kọkànlá ọdún 2025 fi parí, gẹ́gẹ́ bí iléeṣẹ́ ìlera ibẹ̀ ṣe kà á. Ní oṣù Kejì ọdún 2025, Báǹkì Àgbáyé, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù jọ gbé ìṣirò kan jáde pé àtúnkọ́ yóò gba nǹkan bíi bílíọ̀nù 53 dọ́là láàárín ọdún 10, àti pé bílíọ̀nù 20 nínú rẹ̀ ni wọ́n nílò láàárín ọdún 3 àkọ́kọ́. Ilé gbígbé nìkan kó ju ìdajì lọ nínú ohun tó bàjẹ́. Ogun tún wá bẹ̀rẹ̀ padà ní oṣù Kẹta ọdún náà. Nígbà tó fi di oṣù Kẹwàá, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ń sọ nǹkan bíi bílíọ̀nù 70.

Ìpàdé ti ọdún 2009 wáyé ní Sharm el-Sheikh, lẹ́yìn ogun ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó parí ní oṣù Kìíní. Ìlérí tí wọ́n ṣe níbẹ̀ sún mọ́ bílíọ̀nù 4.5 dọ́là. Saudi Arabia nìkan dárúkọ bílíọ̀nù 1. Amẹ́ríkà dárúkọ mílíọ̀nù 900, ṣùgbọ́n mílíọ̀nù 300 péré nínú rẹ̀ ló wà fún Gásà. Èyí tó kù jẹ́ ti ìjọba Palẹsitíínì tó wà ní Ramallah. Ohun kan wà tí kò yẹ ká gbójú fò: wọn ò pe Ísírẹ́lì sí ìpàdé náà, wọn ò sì pe Hamas. Ẹni tó di ẹnubodè mú kò sí níbẹ̀, ẹni tó ń darí ìlú kò sí níbẹ̀. Àwọn tó wà níbẹ̀ ń pín owó iṣẹ́ tí kò sí ẹni tó gbà láti jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Láti ọdún 2007, nígbà tí Hamas gba ìṣàkóso Gásà, ni Ísírẹ́lì ti sé ẹnubodè, Íjíbítì náà sì sé tirẹ̀ ní Rafah. Lẹ́yìn ìpàdé Sharm el-Sheikh, sìmẹ́ǹtì àti irin ìkọ́lé kò tún rí ọ̀nà wọlé ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Àwọn ará Gásà padà sí ilé alámọ̀. UNRWA, àjọ tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dá sílẹ̀ ní ọdún 1949 láti máa tọ́jú àwọn Palẹsitíínì tó sá kúrò nílé, fúnra rẹ̀ kọ́ ilé alámọ̀ fún àwọn tí ilé wọn wó. Àwọn ọ̀dọ́ ń ti kẹ̀kẹ́ tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń fà kiri orí àwókù, wọ́n ń ṣa kọnkéré tó ti fọ́, wọ́n ń lọ̀ ọ́ kúnná kí wọ́n lè tún fi mọ búlọ́ọ̀kù, wọ́n sì ń na irin tó ti ká kò padà. Bílíọ̀nù 4.5 dọ́là wà lórí ìwé, ọmọ ọdún 15 sì ń ṣa òkúta ní Jabalia.

Lẹ́yìn náà ni ohun kan ṣẹlẹ̀ tó fi ibi tí ìṣòro wà hàn gbangba. Àwọn ará Gásà gbẹ́ ihò gba abẹ́ ilẹ̀ Rafah lọ sí Íjíbítì. Gbogbo nǹkan ló gba ibẹ̀ kọjá: epo, oògùn, ọkọ̀, kódà àgbò àti màlúù Iléyá ń rìn gba abẹ́ ilẹ̀ wọ Gásà. Nígbà tó fi di ọdún 2011 sí 2013, sìmẹ́ǹtì ń gba ihò wọ̀nyí wọlé lójoojúmọ́, ilé sì ń gòkè. Kò sí ìpàdé àwọn mínísítà kankan tó fa èyí. Àwọn oníṣòwò ló ra sìmẹ́ǹtì, àwọn onílé ló san owó rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn láti ọwọ́ àwọn ẹbí wọn tó wà lókè òkun. Hamas ń gba owó orí lórí ohun tó ń kọjá, a ò gbọdọ̀ fi ìyẹn pamọ́. Nígbà tí àwọn ológun Íjíbítì gbàjọba lọ́wọ́ Mohamed Morsi ní oṣù Keje ọdún 2013, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dí ihò wọ̀nyí, iṣẹ́ bíríkìlà sì dúró káàkiri Gásà. Owó kò tíì tán lọ́wọ́ àwọn ènìyàn nígbà náà. Ọ̀nà ló dí.

Ti ọdún 2014 ló tún jẹ́ ẹ̀kọ́ jù. Ogun ọdún náà gba nǹkan bí àádọ́ta ọjọ́, ó pa ju 2,200 ènìyàn lọ ní Gásà, ilé bíi 18,000 sì wó tàbí bàjẹ́ débi tí kò ṣeé gbé mọ́. Ní ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹwàá, wọ́n pàdé ní Cairo, wọ́n sì ṣèlérí bílíọ̀nù 5.4 dọ́là, Qatar nìkan dárúkọ bílíọ̀nù 1. Nígbà tí Báǹkì Àgbáyé wá ya owó náà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bílíọ̀nù 3.5 ló jẹ́ ti Gásà. Èyí tó kù wà fún ìnáwó ìjọba Ramallah. Ẹ kíyè sí èyí, nítorí pé gbogbo ìgbà ni wọ́n máa ń ṣe é: wọ́n á kó owó oúnjẹ, owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba, owó tí wọ́n ti ṣèlérí ṣáájú ogun pàápàá, wọ́n á dà á pọ̀ mọ́ owó àtúnkọ́, kí iye náà lè ga. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2015, Báǹkì Àgbáyé ní ìdá 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún péré nínú bílíọ̀nù 3.5 náà ló ti wọlé. Nígbà tí ọdún 2016 fi parí, ó tó nǹkan bí ìdajì.

Ó burú pé ìdajì ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ná ìdajì náà. Ṣáájú ìpàdé Cairo, Robert Serry, aṣojú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ti bá Ísírẹ́lì àti ìjọba Ramallah ṣe àdéhùn ètò kan tí wọ́n ń pè ní Gaza Reconstruction Mechanism. Èrò wọn ni pé Ísírẹ́lì ń bẹ̀rù pé Hamas yóò kó sìmẹ́ǹtì lọ gbẹ́ ihò ogun; ẹ jẹ́ ká máa ṣọ́ sìmẹ́ǹtì nígbà náà, àpò kọ̀ọ̀kan. Bí ilé rẹ bá wó, òṣìṣẹ́ á wá wò ó, á ṣírò iye àpò tí o nílò. Wọ́n á fi orúkọ rẹ àti iye náà ránṣẹ́ sínú kọ̀ǹpútà tí Ísírẹ́lì náà lè wò. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí i, wàá lọ ra á lọ́wọ́ oníṣòwò tí wọ́n fọwọ́ sí, nínú ilé ìkẹ́rù tí kámẹ́rà ń ṣọ́ tọ̀sán-tòru. Òṣìṣẹ́ á tún wá yẹ ilé náà wò bóyá inú rẹ̀ ni sìmẹ́ǹtì náà lọ lóòótọ́. Iṣẹ́ ńlá bíi ilé ìwé tàbí ilé ìwòsàn gba ìwé àṣẹ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Yàtọ̀ sí sìmẹ́ǹtì, ọ̀pọ̀ ohun mìíràn tún wà lórí ìwé ohun tí wọ́n ní a lè fi jagun: irin, páìpù, ẹ̀rọ tó ń fa omi, pákó tó bá nípọn.

Ẹni tó bá ti kọ́ ilé rí mọ bí ìyẹn ṣe máa parí. Sìmẹ́ǹtì tí wọ́n ń fún àwọn tí ilé wọn kàn ya lára kì í tó tàbí kì í bá àkókò mu, ẹni tí ebi ń pa á tà á, ẹni tó lówó á rà á ní ìlọ́po ìlọ́po. Òjìji ọjà dìde lábẹ́ kámẹ́rà. Ní nǹkan bí ọdún kan lẹ́yìn ogun, kò tíì sí ẹyọ ilé kan tí wọ́n tún kọ́ tán nínú àwọn tó wó pátápátá. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2016, Ísírẹ́lì dá sìmẹ́ǹtì àwọn aládàáni dúró fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ó ní Hamas ń kó lára rẹ̀. Gbogbo bíríkìlà, káfíńtà àti awakọ̀ tírélà jókòó sílé. Ètò tí wọ́n ní yóò mú àtúnkọ́ yára wá di ètò tí ẹnì kan ṣoṣo lè fi ọwọ́ kan dá dúró ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, tí kò sì sí orílẹ̀-èdè kankan nínú àwọn tó sanwó ní Cairo tó lè bi í pé kí ló dé.

Bóyá ẹnì kan á ní bí àtúnkọ́ lẹ́yìn ogun ṣe máa ń rí níbi gbogbo ni. Rárá o. Ẹ wo Lẹ́bánónì ní ọdún 2006. Ísírẹ́lì àti Hezbollah ja ogun ọjọ́ 34, àdúgbò Dahiyeh ní Beirut di àwókù, àwọn abúlé ìhà gúúsù náà sì wó. Ìlérí tí wọ́n ṣe ní Stockholm ní òpin oṣù Kẹjọ kò ju mílíọ̀nù 940 dọ́là lọ, kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tí wọ́n máa dárúkọ fún Gásà lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹsàn-án ni Ísírẹ́lì ti ṣí ìdènà ojú omi àti ti òfurufú. Èbúté Beirut ṣí. Qatar mú abúlé mẹ́rin, Bint Jbeil, Khiam, Ainata àti Aita al-Shaab, ó sì tún wọn kọ́ ní tààrà. Iléeṣẹ́ kan tí Hezbollah dá sílẹ̀, Waad, kọ́ àwọn ilé Dahiyeh padà, iṣẹ́ náà sì ti parí nígbà tó fi di ọdún 2012. Hezbollah kò dín ní ọ̀tá lójú Ísírẹ́lì ju Hamas lọ. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé Lẹ́bánónì ní èbúté tirẹ̀. Pé ogun ọdún 2024 tún wó púpọ̀ nínú Dahiyeh, ìyẹn mú wa dé ọ̀rọ̀ mìíràn.

Àwọn tó ń sanwó ti ń rẹ̀wẹ̀sì, wọ́n sì ní ìdí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1998, wọ́n ṣí pápákọ̀ òfurufú Gásà ní Rafah. Japan, Saudi Arabia, Íjíbítì, Spain, Jámánì àti Morocco wà lára àwọn tó fi owó sí i. Kò tó ọdún mẹ́rin tí Ísírẹ́lì fi ju bọ́ǹbù sí ibi radar rẹ̀, tí katapílà sì hú ojú ọ̀nà tí bàálù ń sá lé. Ẹ̀rọ amúnáwá kan ṣoṣo tí Gásà ní, wọ́n ju bọ́ǹbù lù ú ní ọdún 2006, wọ́n tún un ṣe, wọ́n tún lù ú ní ọdún 2014. Ìlú Hamad ní Khan Yunis, tí ọba Qatar ìgbà náà fi owó rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tó ṣàbẹ̀wò sí Gásà ní oṣù Kẹwàá ọdún 2012, ni àwọn ìdílé kó wọ̀ ní ọdún 2016. Ilé alájà tó lẹ́wà ni. Ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2023 wó púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó kọ́ ilé fún aládùúgbò lẹ́ẹ̀mẹta tí ẹlòmíràn sì wó o lẹ́ẹ̀mẹta, bó bá bèèrè kó tó kọ́ ẹ̀kẹrin pé ta ni yóò ṣe onídùúró, ahun kọ́ ló ń ṣe.

A ò sì gbọdọ̀ fi ẹ̀bi àwọn Palẹsitíínì fúnra wọn bò mọ́lẹ̀ nítorí pé a fẹ́ràn wọn. Kọnkéré tó lọ sínú ihò Hamas kì í ṣe ìtàn tí Ísírẹ́lì dá sílẹ̀. Ayé rí àwọn ihò náà. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2007 ni Hamas àti Fatah ti pín ìjọba sí méjì, èkíní ní Gásà, èkejì ní Ramallah. Wọ́n dá ìjọba àjùmọ̀ṣe sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2014, ṣùgbọ́n Hamas kò fi ẹnubodè lé e lọ́wọ́. Èyí fún gbogbo àwọn tó ń wá àwáwí ní àwáwí: a ò lè fún Hamas lówó, Ramallah kò sì lágbára ní Gásà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí owó dúró sí báǹkì. Àwọn tó ń san ẹ̀jẹ́ ìjà yìí ni àwọn tó ń sun inú àgọ́.

Ìwé àbá tó wà nílẹ̀ báyìí pín sí méjì, wọn ò sì jọra. Èkíní ni ti àwọn Lárúbáwá. Ní oṣù Kejì ọdún 2025, Ààrẹ Trump sọ pé kí wọ́n kó àwọn ará Gásà kúrò, kí Amẹ́ríkà gba ibẹ̀, kó sì sọ ọ́ di ibi ìgbafẹ́ etí òkun. Ní ọjọ́ kẹrin, oṣù Kẹta, àwọn olórí ilẹ̀ Lárúbáwá pàdé ní Cairo, wọ́n sì gba àbá Íjíbítì wọlé láti fi dá a lóhùn: bílíọ̀nù 53 dọ́là láàárín ọdún 5, kí ẹnikẹ́ni má ṣí kúrò nílẹ̀ rẹ̀. Oṣù 6 àkọ́kọ́ wà fún kíkó àwókù àti ibùgbé fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ilé 200,000 títí di ọdún 2027, lẹ́yìn náà ni èbúté, pápákọ̀ òfurufú àti iléeṣẹ́ títí di ọdún 2030. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ni OIC fọwọ́ sí i ní Jeddah. Nàìjíríà ti wà nínú OIC láti ọdún 1986, Benin àti Togo náà jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, nítorí náà ìwé yìí jẹ́ tiwa náà dé àyè kan.

Èkejì ni ti Trump, èyí tí Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ní ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kọkànlá, ọdún 2025, nínú ìpinnu 2803. Orílẹ̀-èdè 13 dìbò pé ó dára, Algeria àti Pakistan wà lára wọn; Rọ́ṣíà àti Ṣáínà kò dá sí i. Ìpinnu náà gbé àtúnkọ́ lé ọwọ́ ìgbìmọ̀ kan tí wọ́n pè ní Board of Peace, èyí tí Trump fúnra rẹ̀ jẹ́ alága rẹ̀, ó sì fàyè gba ọmọ ogun láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi títí di òpin ọdún 2027. Ó mẹ́nu ba ìjọba Palẹsitíínì tó dá dúró, ṣùgbọ́n ó so ó mọ́ àtúnṣe tí Ramallah ní láti kọ́kọ́ ṣe, kò sì dá ọjọ́.

Èwo nínú méjèèjì ni yóò borí? Lójú tèmi, ti Trump ni, fún ìdí kan péré: Amẹ́ríkà nìkan ló lè sọ fún Ísírẹ́lì pé kó ṣí ẹnubodè kí ó sì gbọ́. Àbá Cairo dára jù, ó sì bọlá fún àwọn onílẹ̀ jù, ṣùgbọ́n kò sí ibì kankan nínú rẹ̀ tó sọ bí tírélà àkọ́kọ́ yóò ṣe kọjá ní Kerem Shalom bí Ísírẹ́lì bá ní kó má kọjá. Àwọn ọlọ́rọ̀ ilẹ̀ Lárúbáwá mọ èyí. Ìdí nìyẹn tí Saudi Arabia àti àwọn Emirates fi sọ ní ọdún 2025 pé àwọn ò ní da owó sínú Gásà bí kò bá sí ọ̀nà tó dájú sí ìdásílẹ̀ orílẹ̀-èdè Palẹsitíínì. Àwọn kan ń pè é ní ahun. Èmi rò pé owó yẹn nìkan ni ohun ìjà tó kù lọ́wọ́ wọn, bí wọ́n bá sì san án láìgba nǹkan kan, ìtàn Ìlú Hamad ni yóò tún ṣẹlẹ̀.

Ohun tó yẹ kó kó wa lọ́kàn sókè jù nínú àbá Amẹ́ríkà ni ìlà ofeefee. Nígbà tí wọ́n dáwọ́ ogun dúró, àwọn ọmọ ogun Ísírẹ́lì fà sẹ́yìn dé ìlà kan tí wọ́n fi ofeefee ya sórí àwòrán ilẹ̀, ṣùgbọ́n ju ìdajì ilẹ̀ Gásà lọ ló ṣì wà lẹ́yìn ìlà náà lọ́wọ́ wọn. Fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ènìyàn Gásà ló wà ní apá kejì, ní etí òkun. Ní oṣù Kẹwàá, Jared Kushner, àna Trump, sọ ọ́ ní gbangba pé apá tí Ísírẹ́lì ń ṣàkóso ni àtúnkọ́ lè ti bẹ̀rẹ̀, àti pé owó àtúnkọ́ kankan kò ní wọ apá tí Hamas ṣì wà. Ẹ rò ó dáadáa. Wọ́n á kọ́ ilé sí ibi tí ènìyàn kò sí, wọ́n á fi àwọn ènìyàn sílẹ̀ níbi tí ilé kò sí, ẹni tó bá fẹ́ ilé á sì kọjá ìlà lọ sọ́dọ̀ wọn lẹ́yìn àyẹ̀wò. Ilé tí wọ́n wó ní Shujaiyeh ní olówó, ó ní àdírẹ́sì. Bí wọ́n bá kọ́ òmíràn fún onílé náà ní Rafah lẹ́yìn ìlà, ta ló wá ni ilẹ̀ Shujaiyeh?

Ìbéèrè ilẹ̀ yìí kò kéré. Ìwé ilẹ̀ ọ̀pọ̀ ìdílé ti jóná, àwọn kan wà tí baba, ìyá àti àwọn ọmọ kú lẹ́ẹ̀kan náà. Pípín ogún irú ilé bẹ́ẹ̀ lábẹ́ òfin Ìsìlámù gba adájọ́ tó mọ̀ ọ́n, ó gba ẹ̀rí àti àkókò, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ da kọnkéré sórí ilẹ̀ náà kí ìyẹn tó parí. Àwókù fúnra rẹ̀ ju mílíọ̀nù 50 tọ́ọ̀nù lọ. Nígbà tó ṣì jẹ́ mílíọ̀nù 37 ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, ẹnì kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń palẹ̀ bọ́ǹbù mọ́ ti ṣírò pé kíkó o lè gba ọdún 14. Bọ́ǹbù tí kò tíì bú wà nínú rẹ̀. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìdóòlà ní Gásà sì gbà pé òkú bíi 10,000 ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí wọn ò tíì rí wẹ̀, tí wọn ò tíì kírun sí lára, tí wọn ò tíì sin. Katapílà kò lè kàn gbá a sínú òkun.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó tí àwa náà ń dá ní mọ́ṣáláṣí. Àwọn òǹkàwé ń bèèrè bóyá ó ń dé ibẹ̀, àti pé kí ló ń ṣe bó bá dé. Kò sí sàráà tàbí sàká kan láti Ìbàdàn tàbí Ìlọrin tó lè kọ́ ilé ní Gásà lónìí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àwòrán ilé tuntun tàn yín jẹ. Ohun tí irú owó bẹ́ẹ̀ lè ṣe ni oúnjẹ, oògùn, àgọ́ àti omi, nítorí pé àwọn wọ̀nyí ni ẹnubodè ń gbà láàyè, níwọ̀nba. Ẹni tó bá wá gba owó lọ́wọ́ yín, ẹ bi í léèrè àjọ wo ní Gásà gan-an ló ń gbé e fún, àti bóyá àjọ náà ní òṣìṣẹ́ tó ń gbé ibẹ̀. UNRWA ló ní òṣìṣẹ́ jù, ṣùgbọ́n òfin tí ilé aṣòfin Ísírẹ́lì ṣe ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024 ti dí ọ̀nà mọ́ ọn láti òpin oṣù Kìíní ọdún 2025. Ní ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025, Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé ní The Hague ní ó pọn dandan fún Ísírẹ́lì láti jẹ́ kí ìrànwọ́ tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ń mú wá wọlé, ti UNRWA náà wà níbẹ̀. Èrò ilé ẹjọ́ lásán nìyẹn lójú òfin, kò sí ọlọ́pàá tó máa lọ fi ipá ṣí géètì. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ ìwé tí ìjọba Nàìjíríà, tí igbákejì ààrẹ rẹ̀ dúró ní New York ní oṣù Kẹsàn-án tó sì gbè sẹ́yìn ìdásílẹ̀ orílẹ̀-èdè Palẹsitíínì, lè gbé dání lọ sí ìpàdé OIC tó ń bọ̀, kó sì fi bèèrè iye tírélà sìmẹ́ǹtì tí wọ́n máa jẹ́ kó kọjá lójúmọ́, kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ owó.